Omi Abẹ́ Dádì

"Oòrùn ni, Mà," ni Ọ̀gbẹ́ni Ọlágúnjú wí, ó sì ń yí fìlà rẹ̀ po lọ́wọ́. "Ìyàwó mi ló ṣàkíyèsí ẹ̀. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń wọ pálọ̀ yín tààrà, ojú rẹ̀ kì í sì í gba oòrùn."

Kíkẹ́lọmọ, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, fẹ́rẹ̀ẹ́ figbe ta. Nígbà tí ọkùnrin yìí kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ àwáwí, adìẹ ló fi ṣe. Ó ní àkùkọ wọn kò ní jẹ́ kí òun sùn. Wọ́n ta adìẹ. Ó padà wá, ó ní òórùn wọn ṣì kù. Wọ́n tú ilé adìẹ palẹ̀, wọ́n fi omi ọṣẹ fọ ilẹ̀ ibẹ̀. Ó tún dé, ó ní géètì kò gba mọ́tò Pijó òun, bẹ́ẹ̀ inú ọgbà gan-an ni Pijó náà wà nígbà tó ń sọ ọ́. Oòrùn ló wá kàn báyìí.

"A lè so kọ́tìnì tó nípọn mọ́ fèrèsé, sà," ni màmá rẹ̀ dáhùn. Ohùn obìnrin náà tutù, ṣùgbọ́n Kíkẹ́lọmọ rí i bó ṣe di apá àga mú pinpin.

"Ó ṣeé ṣe, Mà. Màá sọ fún un."

"Ṣé ẹ ó wá san èyí tó kù lọ́sẹ̀ yìí?"

"Ẹ jẹ́ ká ṣì máa wò ó ná, Mà. Kò sí ìkánjú."

"Kíkẹ́, bu omi tútù wá fún Ọ̀gá."

"Rárá o! Ẹ má ṣe ìyọnu!" Ọ̀gbẹ́ni Ọlágúnjú ti dìde bí ẹni tí eèrà ta nídìí. "Ilé ni mo ti mu omi kúrò. Ẹ kú ìrọ̀jú, Mà. Ẹ kú ìrọ̀jú gan-an ni. Ọlọ́run á bá wa tẹ́ Bàbá sí afẹ́fẹ́ rere."

Ó jáde, Pijó dún, ó lọ. Màmá Kíkẹ́lọmọ jókòó, ó ń wo ilẹ̀kùn.

"Kí ló ń kí mi kú ìrọ̀jú sí lójoojúmọ́?" ó béèrè. "Ó ti lé lọ́dún tí bàbá rẹ kú. Ṣé ilé ló fẹ́ rà lọ́wọ́ mi ni, àbí ó fẹ́ máa bá mi ṣọ̀fọ̀?"

Ilé náà kò jìnnà sí ọjà Santana, ní ìlú Benin. Jayéọlá Oyèbọ́lá, bàbá Kíkẹ́lọmọ, ló kọ́ ọ fúnra rẹ̀. Ọ̀gá àwọn bíríkìlà ni nílé iṣẹ́ kan tó ń kọ́lé fún ìjọba, àwọn ilé tó sì bá wọn kọ́ sí GRA kò lóǹkà, ṣùgbọ́n èyí nìkan ló jẹ́ tirẹ̀. Àìsàn tó mú un kò jẹ́ kí ó pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ lọ sí Iléṣà, wọ́n sì sin ín sí itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìyàwó rẹ̀ sọ pé òun kò lè dá gbé Benin. Iṣẹ́ tíṣà ń dúró dè é ní Iléṣà, àwọn àbúrò rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ọlágúnjú, ọ̀gá kan ní báńkì, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ ìjọ wọn lẹ́yìn ìsìnkú náà, gbọ́ pé ilé wà fún títà. Ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé, ó wo gbogbo yàrá, ó fọwọ́ kan ògiri, ó ní, "Ẹni tó kọ́ ilé yìí mọṣẹ́." Ó mu omi, ó bẹ̀bẹ̀ fún òmíràn. Ó san àsansílẹ̀. Kí ó tó lọ, ó yíjú sí Kíkẹ́lọmọ.

"Mo gbọ́ pé o mọ ìṣirò. Tó o bá ti ṣe ìdánwò tán, wá rí mi. Báńkì wa ń gba àwọn ọ̀dọ́ sí ẹ̀ka Iléṣà. Èmi ni màá fi orúkọ mi dúró fún ọ."

Ayọ̀ kún ilé ní ọjọ́ náà. Màmá fi àsansílẹ̀ ránṣẹ́ sí Iléṣà, wọ́n fi kan páànù sórí yàrá méjì tí bàbá ti bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀ kí ó tó kú. Páànù ti wà lórí ilé. Kò sí ohun tí wọ́n lè dá padà mọ́. Bí Ọ̀gbẹ́ni Ọlágúnjú bá sọ pé òun kò rà mọ́, gbèsè ni wọn yóò gbé dé Iléṣà.

Nítorí ayọ̀ náà ni Màmá fi ní kí wọ́n tún ẹ̀yìnkùlé ṣe kí oníbàárà tó tún dé. Ibẹ̀ ni táńkì wọn wà. Ní Benin, omi jìn sínú ilẹ̀ ju kí ènìyàn kan gbẹ́ kànga lọ, nítorí náà bàbá Kíkẹ́lọmọ gbẹ́ táńkì ńlá sí abẹ́ ilẹ̀, ó sì la ojú ọ̀nà fún omi òjò láti orí páànù wá sínú rẹ̀. Ó da sìmẹ́ntì pẹrẹsẹ lé e lórí, ó sì fi ìdérí kékeré tó ní òrùka irin sí igun kan. Bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé, orí sìmẹ́ntì yìí ni yóò gbé àga sí, nítorí ibẹ̀ máa ń tutù. Bí Màmá bá fẹ́ omi, á ní, "Kíkẹ́, lọ pọn omi wá lábẹ́ dádì rẹ." Wọ́n sọ ọ́ títí ó fi di orúkọ. Kò sí ẹni tó ń fi í rẹ́rìn-ín mọ́. Abẹ́ Dádì ni wọ́n ń pe táńkì.

Láti ìgbà tí bàbá ti kú, igi ìdáná àti àpò oúnjẹ adìẹ ló bo ojú sìmẹ́ntì náà. Kíkẹ́lọmọ kó gbogbo rẹ̀ kúrò. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ títí ọ̀rọ̀ tí bàbá rẹ̀ fi ìṣó kọ sí i nígbà tí sìmẹ́ntì kò tí ì gbẹ fi hàn. Ẹnu yà á pé ìkọ̀wé náà ṣì dúró ṣinṣin, bí ọwọ́ bàbá rẹ̀ gan-an. Ó wá ọ̀dà funfun, ó fi tún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kùn jẹ́jẹ́. Kò ro nǹkan mìíràn. Ó kàn fẹ́ kí ó lẹ́wà ni.

Ọ̀gbẹ́ni Ọlágúnjú dé ní ọjọ́ kejì, ó dá lọ wo ẹ̀yìnkùlé. Ó pẹ́ kí ó tó padà, nígbà tó sì padà, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́. Kíkẹ́lọmọ gbé omi fún un lórí ìkúnlẹ̀. Ó mu díẹ̀.

"Omi yín yìí mà dùn o. Níbo lẹ ti ń pọn ọ́n?"

Yorùbá Kíkẹ́lọmọ kò pọ̀. Benin ni wọ́n bí i sí, Pígínì ló sì máa ń fi dá ìyá rẹ̀ lóhùn. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ pé Yorùbá ni kí ó máa fi dá àgbàlagbà tó bá jẹ́ Yorùbá lóhùn. Ó fi gbogbo ara sọ ọ́ dáadáa.

"Abẹ́ Dádì ni, sà."

Ọ̀gbẹ́ni Ọlágúnjú wo inú ife. Ó rọra gbé e kalẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni àwáwí ti bẹ̀rẹ̀, láti ọjọ́ náà ni kò sì ti mu omi ilé wọn mọ́.

*

"Ẹ̀yin Yorùbá, ẹ ti kí ara yín jù," ni Ọmọ́ṣaléwá wí nígbà tí wọ́n ń ti ilé ìwé bọ̀. Ọmọ Wàrì ni, òun ni ọ̀rẹ́ Kíkẹ́lọmọ tímọ́tímọ́. "Ọkùnrin náà ń kí màmá ẹ, màmá ẹ ń kí i. Ta ló ń ra ilé nínú gbogbo ìkíni yẹn?"

"Kí ni kí n ṣe?"

"Sọ fún un pé ẹlòmíràn ti fẹ́ rà á! Pé ọkùnrin ọlọ́rọ̀ kan wá láti Sapele, àti pé ó máa sanwó lọ́jọ́ Sátidé. *E go run come!* Á sáré wá san owó tó kù."

"Irọ́ nìyẹn."

"Ọgbọ́n nìyẹn. Àbí òun náà kò purọ́? Géètì kò gba mọ́tò, mọ́tò sì wà nínú géètì!"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Kíkẹ́lọmọ létí. Ìdánwò ti dé ẹnu ọ̀nà, kò sì lè kàwé. Bí ó bá ṣí ìwé, ojú ìyá rẹ̀ ló ń rí, bí ó ṣe ń wo ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́rú, nígbà tí Màmá lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ, Pijó tún dé.

"Ṣé Mọ́mì wà nílé? Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ariwo ọjà ni."

Ariwo ọjà! Ara Kíkẹ́lọmọ gbóná. Gẹ̀ẹ́sì ló fi dá a lóhùn, nítorí ó rọrùn fún un láti fara pa mọ́ sẹ́yìn Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní kí Ọ̀gá má bínú, ẹlòmíràn ti wá wo ilé náà, láti Sapele. Ẹni náà fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ọjọ́ Sátidé ni yóò san gbogbo owó.

Ó dúró, ó ń retí kí ojú ọkùnrin náà yí padà. Ojú náà yí padà lóòótọ́. Ẹ̀rín ló bo gbogbo rẹ̀.

"Ọlọ́run ṣeun!" ni Ọ̀gbẹ́ni Ọlágúnjú kígbe. "Ọlọ́run ṣeun o! Ẹ tà á fún un, ẹ má wo tèmi rárá. Inú mi dùn. Sọ fún Mọ́mì pé tí ẹni yẹn bá ti sanwó, kí wọ́n kàn bá mi yọ àsansílẹ̀ mi nínú ẹ̀. Kò sí ìjà, kò sí ìta!"

Ó bọ́ sínú mọ́tò, ó ń súfèé. Kíkẹ́lọmọ dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Ó ti wá mọ̀ pé kì í ṣe pé ọkùnrin náà ń lọ́ra láti rà. Ọ̀nà tó máa gbà sá ló ń wá, òun Kíkẹ́lọmọ ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn fún un.

Kò lè sọ fún ìyá rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ Sátidé dé, ó kọjá, kò sọ ọ́.

*

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, Ọ̀gbẹ́ni Ọlágúnjú àti ìyàwó rẹ̀, Fọlákẹ́, yà sílé wọn. Fọlákẹ́ mú àkàrà òyìnbó dání.

"A ní ká wá bá yín yọ̀ ni, Mà," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Ẹ kú oríire ẹni tó wá láti Sapele."

"Ta ló wá láti Sapele?" ni Màmá béèrè.

"Ẹni tó fẹ́ ra ilé. Ọmọ yín ló sọ fún mi."

Gbogbo ojú yí sí Kíkẹ́lọmọ. Ó kúnlẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò sí lẹ́nu rẹ̀ mọ́, Pígínì kò sí níbẹ̀.

"Mo purọ́, sà," ó wí. "Ẹnì kankan ò wá. Mo fẹ́ kí ẹ yára sanwó ni. Ẹ má bínú, sà. Mọ́mì, ẹ má bínú."

Màmá pa ojú dé. Nígbà tó là á, kò wo ọmọ rẹ̀ rárá. "Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín, sà. Wọn kì í purọ́ nínú ilé yìí. Ká ní bàbá rẹ̀ wà láyé, kò ní gbà bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ò rí i bó ṣe rí, Mà," ni Ọ̀gbẹ́ni Ọlágúnjú wí, ojú rẹ̀ ti le. "Irọ́ ti wọ ọ̀rọ̀ yìí wàyí. Mi ò lè ra ilé yìí mọ́. Àsansílẹ̀ mi ni kí ẹ bá mi wá."

"Ó dára, sà. Ọmọ mi ti sọ òótọ́ tirẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ sọ tiyín." Màmá dìde dúró. Kíkẹ́lọmọ kò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. "Ẹ ní adìẹ, mo ta adìẹ tí mo sìn láti kékeré. Ẹ ní òórùn, mo fọ ilẹ̀. Ẹ ní géètì. Ẹ ní oòrùn. Ṣé kí n ti oòrùn sẹ́yìn ni, sà? Èwo gan-an ni nínú gbogbo ẹ̀?"

Ọ̀gbẹ́ni Ọlágúnjú ń wo bàtà rẹ̀. "Mà, ó ní àwọn ọ̀rọ̀ tí ènìyàn kì í..."

"Ẹ jẹ́ n sọ ọ́!" ni Fọlákẹ́ wí, ó sì gbé àkàrà òyìnbó kalẹ̀ gbàgà. "Ẹnu ọkọ mi ò lè sọ ọ́. Ẹ má bínú sí mi o, Mà. Mi ò lè máa gbé lórí òkú. Kí n gbé pẹ̀lú òkú gan-an ṣì sàn, kì í ṣe kí n tún máa mu omi ìdí ẹ̀!"

"Òkú wo?"

"Òkú Bàbá Kíkẹ́."

"Bàbá Kíkẹ́ wà ní Iléṣà."

Tọkọtìyàwó wo ara wọn, bí ẹni pé ọpọlọ opó náà ti fẹ́ dàrú.

"Mà," ni Ọ̀gbẹ́ni Ọlágúnjú wí jẹ́jẹ́, "mo ka ohun tí ẹ kọ sójú oórì. Mo ṣí fìlà fún wọn. Ọmọ yìí sì fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi pé abẹ́ dádì òun lẹ ti ń pọn omi."

Màmá yíjú, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ, gbogbo wọn tẹ̀ lé e. Ó dúró lórí sìmẹ́ntì, ó tẹ ojú mọ́lẹ̀, ó ka ọ̀rọ̀ tí ọkọ rẹ̀ kọ, bí ẹni tó ń kà á fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọ̀dà funfun tí Kíkẹ́lọmọ kùn sí i ń tàn yanran:

IBI ÌSINMI JAYÉỌLÁ OYÈBỌ́LÁ

Kíkẹ́lọmọ náà kà á. Ó ti mọ̀ ọ́n láti kékeré, kò sì rí òkú nínú rẹ̀ rí. Ibi tí dádì rẹ̀ ti ń sinmi ni. Àwọn aládùúgbò wọn, ọmọ Edo, kò gbọ́ Yorùbá, wọn kò béèrè rí. Yorùbá bíi tiwọn nìkan ló lè kà á kí ẹ̀rù bà á.

Màmá fi ọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni, ṣùgbọ́n omi ń dà lójú rẹ̀ bákan náà.

"Ọjọ́ tó da sìmẹ́ntì yìí," ó wí, "ó ní òun kọ́lé fún gbogbo Benin, òun kò sì ní ibi tóun lè jókòó sí. Ó mú ìṣó, ó kọ ọ́. Ó ní kí n má gbé igi ìdáná mi síbẹ̀ láéláé. Àwàdà ni! Jayéọlá, o rí ohun tí àwàdà rẹ fi ojú mi rí?"

"Mo fẹ́ gbà yín gbọ́, Mà," ni Ọ̀gbẹ́ni Ọlágúnjú wí. "Ṣùgbọ́n lọ́jọ́rú, ọmọ yín wo ojú mi, ó sọ irọ́ tó dán. Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ òótọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà gún Kíkẹ́lọmọ lọ́kàn ju ìgbájú lọ. Ó lọ sí igun, ó fi ọwọ́ méjèèjì di òrùka irin, ó gbé ìdérí náà. Òórùn òjò jáde. Ó sọ korobá sílẹ̀, wọ́n gbọ́ tó lu omi.

"Ẹ wá wò ó, sà."

Ọ̀gbẹ́ni Ọlágúnjú bẹ̀rẹ̀, ó wo inú táńkì. Ògiri rẹ̀ mọ́ yíká, ó dán bí àwo. Nísàlẹ̀, ó rí ojú ọ̀run, ó sì rí orí ara rẹ̀ láàárín. Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Nígbà tó gbé orí sókè, ojú ti tì í dé ọrùn.

"Ọ̀wọ̀ ni, Mà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bi opó pé ṣé ọkọ rẹ̀ ló wà lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ yẹn?"

"Ọ̀wọ̀!" ni Màmá pariwo. "Mo ta adìẹ mi nítorí ọ̀wọ̀ yín! Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ ò bá béèrè!"

Fọlákẹ́ bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n bu omi fún òun kíákíá, nítorí ọkọ òun ti fi ìròyìn omi náà yọ òun lẹ́nu ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó mu ún tán, ó na ife fún ọkọ rẹ̀. Òun náà mu, ó sì bẹ̀bẹ̀ fún òmíràn.

"Màá san èyí tó kù lọ́la, Mà," ó wí nígbà tí wọ́n ń lọ. Ó wá yíjú sí Kíkẹ́lọmọ. "Ilé, màá rà á. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ báńkì tí mo ṣèlérí fún ọ, gbàgbé ẹ̀. Ọmọ dáadáa ni ọ́, mo mọ̀. Owó ẹlòmíràn la máa ń fi sọ́wọ́ yín níbẹ̀. Mi ò lè fi orúkọ mi dúró fún ẹni tí mo ti gbọ́ irọ́ lẹ́nu rẹ̀."

Kíkẹ́lọmọ wo ìyá rẹ̀. Ó retí kí ó bá òun bẹ̀ ẹ́. Màmá ń wo ilẹ̀.

"Mo gbọ́, sà," ni Kíkẹ́lọmọ wí.

*

Kí wọ́n tó kó kúrò, Màmá fún un ní ọ̀bẹ àtijọ́ kan. "Ha ọ̀dà náà kúrò. Má fọwọ́ kan èyí tí bàbá rẹ kọ."

Ó jókòó sórí sìmẹ́ntì tútù náà, ó ń ha á ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Funfun ń lọ, ojú ìṣó ń kù. Fọlákẹ́ ti sọ pé kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni ọkọ òun náà yóò máa gbé àga sí.

Kò bínú sí Ọ̀gbẹ́ni Ọlágúnjú mọ́. Ó ro bí ó ṣe rí: àgbàlagbà kan tí kò lè la ẹnu béèrè ọ̀rọ̀ kan, àti òun tí kò lè fara da òótọ́ títí tí yóò fi ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Bí kò bá purọ́, omi inú táńkì ì bá ti tó láti dáhùn, iṣẹ́ báńkì náà ì bá sì ti jẹ́ tirẹ̀. Ilé wọn tà nítorí òótọ́. Ohun kan ṣoṣo tí irọ́ rẹ̀ rà fún un ni pé, nígbà tó sọ òótọ́, wọ́n ní láti ṣí táńkì kí wọ́n tó gbà á gbọ́.

"Kíkẹ́!" Màmá ń pè é láti iwájú ilé. Àwọn tó ń kó ẹrù ti ń múra àtilọ. "Pọn omi díẹ̀ wá ká mu lójú ọ̀nà!"

"Níbo, Mọ́mì?" ó dáhùn ní Yorùbá, nítorí ó fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ìyá rẹ̀ yọjú láti igun ilé.

"Lábẹ́ dádì rẹ."